Ọ̀já Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn

Otilia Arvizu fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé táyà ẹ̀yìn sókè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin òkè, ó tún rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí kò fi lè lọ mọ́. Ó ti yọ sípíríǹgì kúrò, nítorí náà ọwọ́ lásán tó láti gbé e. Ó gbé e sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ń fetí sílẹ̀ bóyá irin kan máa ha irin kejì. Kò sí èyí tó ha èkejì. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlélógójì ni táyà náà ń rìn. Lọ́dún tó kọjá, lára ọkọ̀ yìí kan náà, méjìlélógún péré ni.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bí táyà bá lọ sísàlẹ̀ jù, oríkèé tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà yóò tẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, yóò sì ṣẹ́. Ọ̀já líle kan ló máa ń dá táyà dúró kó tó dé ibẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Otilia ti wọn ibi tí oríkèé lè tẹ̀ dé. Ó wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, ó sì fi ẹfun kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ilé iṣẹ́: 51. Ọ̀já tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà mọ́kànléláàádọ́ta. Àmọ́ ọ̀já ọ̀hún kò tíì dé, òní sì ni ọjọ́ ìdánwò.

Ó rí bàtà méjì tó wọlé, bàtà awọ tó ti gbó, tó sì mọ́ tónítóní. Kò sí ẹlòmíràn tó máa ń kun bàtà ní San Felipe lówùúrọ̀ Sátidé.

"Bàbá Lencho," ó ní láti abẹ́ ọkọ̀, "ṣé gbogbo ológun orílẹ̀-èdè yìí lẹ ń ránṣọ fún ni? Ọ̀já méjì péré. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko."

"Ọmọ mi, má bínú," Lencho dáhùn. Bàbá yìí ló ń rán gàárì ẹṣin fún gbogbo ẹlẹ́ran tó wà lẹ́yìn òkè, kò sì sí òwú tó lágbára tó tirẹ̀. "Ojú ló ń dùn mí."

"Ojú ń dùn yín. Lánàá tí Leobardo àbúrò mi gbé ẹja kọjá, ẹ̀yin lẹ nawọ́ mú èyí tó sanra jù nínú garawa."

"Ojú tí mo fi ń rí ẹja kọ́ ni mo fi ń rí abẹ́rẹ́."

Ó na ọ̀já méjèèjì sí i lábẹ́ ọkọ̀. Otilia gbà wọ́n láìdúpẹ́. Ó na tẹ́ẹ̀pù sí wọn: mọ́kànléláàádọ́ta géérégé. Òwú rẹ̀ ṣì ń rùn fún ìda oyin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́. Kí ni ọ̀lẹ ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di wọ́n mọ́ ibi tó yẹ.

Nígbà tó yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó rí i pé ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó tí bàbá rẹ̀ gbé kọ́ sí igi àjà ti kúrò lókè. Ó ti wà lórí táyà jíjẹrà kan nílẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́jọ ni ẹ́ńjìnnì yẹn fi rọ̀ sí àárín ọ̀nà, tí wọ́n fi tapólì bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí òkú ẹran, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì ti fi èjìká gbá a. Nígbà tó bi bàbá rẹ̀ léèrè kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì tí kò ṣiṣẹ́ láti ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ so rọ̀ lójú ọ̀nà, ó ní, "Ó ń sinmi." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ó sì pọ̀, nítorí Don Cuco kì í sọ tó bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin mọ́ láti ìgbà tí nǹkan ti dàrú láàárín wọn.

Orúkọ tó ń jẹ́ gan-an ni Refugio Arvizu, àmọ́ Don Cuco ni gbogbo etíkun ń pè é. Láti ọdún 1969 ló ti ń wa ọkọ̀ sáré nínú aṣálẹ̀ yìí, nínú ọkọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ọkọ̀ kékeré olójú gbangba tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní òrùlé, àfi páìpù tí wọ́n jó pọ̀. Lóṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, ó parí ìdíje ńlá ti Ensenada ní ipò kẹrin. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n dúró kó jáde. Kò lè jáde. Ènìyàn mẹ́ta ló gbé e kúrò lórí ìjókòó bí àpò sìmẹ́ńtì, dókítà ní Mexicali sì ní eegun méjì ló ti fọ́ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, pé bó bá tún jókòó sínú ọkọ̀ yẹn, kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni yóò gùn kẹ́yìn.

"Aṣálẹ̀ ló ṣẹ́ mi lẹ́yìn," Don Cuco ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi àmì ẹ̀yẹ hàn.

Otilia ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ó ń gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tó sọ pé, "Kì í ṣe aṣálẹ̀, Bàbá. Ọkọ̀ tí ẹ kàn ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú. Bí ó bá ti jálẹ̀, kò síbi tí ìjálẹ̀ yẹn lè lọ ju ẹ̀yìn yín lọ."

Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi dun bàbá náà wọra. Kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí Otilia wá fi gègé ẹfun yàwòrán apá irin gígùn tó máa di táyà ẹ̀yìn mú sára ògiri, tó gé apá àtijọ́ sọnù, tó jó tuntun tó gùn tó ìdajì sí i, tó tún gbé ìdí ṣọ́ọ̀kì lọ sókè kí ó lè rí àyè nà, Don Cuco jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. "Ẹsẹ̀ gígùn, ẹsẹ̀ ṣíṣẹ́," ni gbogbo ohun tó sọ. Lẹ́yìn náà ló fi àṣẹ lélẹ̀ níwájú gbogbo ilé. Ọwọ́ òun kò ní kan apá irin yẹn. Ṣùgbọ́n bí Otilia bá wa ọkọ̀ náà gba Ìhà Màlúù lọ, tó sì padà dé kí àkókò òun tó pé, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lára rẹ̀, kó máa wà á lọ sí Ensenada. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá àtijọ́ yóò padà sára ọkọ̀, Leobardo àbúrò rẹ̀ ni yóò sì wà á.

Ìdíje ku ọjọ́ mẹ́jọ.

Leobardo gan-an kò fẹ́. Apẹja ni. Bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ akẹ́rù fa ọkọ̀ ìdíje náà jáde ní ìlú, ó tẹ̀ síbi etí Otilia. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ṣẹ́. Nínú omi, mo mọ ọwọ́ mi. Nínú yanrìn yẹn, èébì ni mo máa ń bì."

"Tí o bá ń bì í lọ, ṣáà máa wa ọkọ̀ lọ."

"Ẹ rí i, ẹ̀ ń fi mí ṣẹlẹ́yà. Mo ń sọ tòótọ́."

Ìhà Màlúù wà lẹ́yìn adágún iyọ̀ tó ti gbẹ. Ọ̀nà tóóró kan ni, tí ọkọ̀ ìdíje ti gbẹ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí ó fi di òkìtì, kòtò, òkìtì, kòtò, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí eegun ìhà ẹran tí oòrùn ti jẹ. Àwọn òkìtì mìíràn ga dé àyà ènìyàn. Kìlómítà mẹ́rin ni dé ibi àpáta funfun, ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ yí i po, kó tún padà. Ìṣẹ́jú méje àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá: àkókò Don Cuco nìyẹn láti ọdún 1979. Ọ̀pọ̀ ti gbìyànjú láti fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ borí àkókò náà, wọ́n sì ti fi eyín díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Don Cuco jókòó sórí ìrọ̀rí nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀, aago wà ní ọwọ́. Lencho ti tú tòtíyà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó fi ẹran gbígbẹ dì, jáde, ó ń jẹun bí ẹni tó wá wòran. Otilia de akoto, ó fa bẹ́líìtì ìjókòó mọ́ra títí ó fi ń ráyè mí díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Oṣù mẹ́rin ló fi ń lá àlá nǹkan yìí, ó sì ti wá rí i pé inú òun ń dùn débi pé ẹsẹ̀ òun ti fẹ́ tẹ tọ́rótù kí wọ́n tó ní kó lọ.

"Bàbá, ṣé kí n lọ?"

Don Cuco kò wo ojú rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ló ń wò. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Òkìtì àkọ́kọ́ dé kó tó mú jíà kẹta. Ara rẹ̀ ti mọ ohun tó ń bọ̀, nítorí ó ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí láti kékeré: iwájú á lọ sókè, ẹ̀yìn á ta á jù nù, ẹ̀yìn á wá já lulẹ̀ gbì, eyín á pàdé eyín. Ó pa eyín pọ̀. Iwájú lọ sókè. Ẹ̀yìn... Ẹ̀yìn kò ta á. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì gun òkìtì náà fúnra wọn, wọ́n ká sókè sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì na ara wọn wọnú kòtò kejì, gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀, òun sì jókòó lókè bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ó bú sẹ́rìn-ín nínú akoto. Ó tẹ tọ́rótù.

Òkìtì ń bọ̀ kíákíá báyìí, ó kàn ń gbọ́ wọn: pù, pù, pù, pù. Bó ṣe ń sáré sí i ni ọkọ̀ náà ń fúyẹ́ sí i. Ó kọjá ibi igi ẹlẹ́gùn-ún níbi tí bàbá rẹ̀ máa ń já tọ́rótù, kò já a. Ó kọjá ibi kòtò ńlá tí ọkọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan láti Tecate ti dojú dé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọkọ̀ fò ó. Nígbà tó balẹ̀, ẹ̀yìn gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó rọra rì sísàlẹ̀, ó tún gbé e dìde. Otilia ń pariwo, kò sì mọ ohun tó ń sọ. Òun ló ṣe nǹkan yìí. Ọwọ́ òun ló jó irin yẹn pọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ó dé ibi àpáta funfun, ó fa ọkọ̀ rọra kó lè yí i po. Níbẹ̀, tí ariwo ẹ́ńjìnnì ti wálẹ̀ díẹ̀, táyà òsì kan bọ́ sínú ihò, ó sì rọ̀ sílẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ ọ̀já. Pà.

Ìgbà yẹn ló rántí.

Ọ̀já tuntun máa ń nà. Kò sí mẹkáníìkì kan láti ibí dé Ensenada tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á so ó mọ́ ọkọ̀, wọ́n á rọra wà á káàkiri fún ọjọ́ kan gbáko, ọ̀já á nà, wọ́n á tú u, aránṣọ á gé e kúrú padà sí bó ṣe yẹ, kí wọ́n tó gbójú lé e. Òun náà mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀já pẹ́ kó tó dé, inú ń bí i sí Lencho, ó sì kánjú, ó wọ̀n ọ́n, ó pé mọ́kànléláàádọ́ta, ó dì í mọ́ ọkọ̀, ó jáde. Mọ́kànléláàádọ́ta ni òpin ibi tí oríkèé lè tẹ̀ dé, kò sí ìyọ̀ǹda kankan lórí rẹ̀. Bí ọ̀já ti nà ní ìka méjì péré lójú ọ̀nà tó gbà wá yìí, oríkèé ti ń jẹ ara rẹ̀ nísinsìnyí, òkìtì kan tó ń bọ̀ ló máa ṣẹ́ ẹ, táyà á sì ṣáájú rẹ̀ délé.

Òmùgọ̀, ó sọ fún ara rẹ̀. Òmùgọ̀ pátápátá.

Ó lè rọra padà. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dé, ṣùgbọ́n àkókò á ti lọ, apá àtijọ́ á padà sára ọkọ̀, Leobardo á sì fi ẹ̀yìn tirẹ̀ gba ohun tí ẹ̀yìn bàbá wọn gbà. Ó lè sáré. Ó wo eruku tó dá sílẹ̀ lẹ́yìn, tó ṣì dúró lójú ọ̀run láìlọ síbì kankan. Bí ó bá máa ṣẹ́, ó rò ó, kó ṣẹ́ níbi tí wọn á ti rí mi, kó má jẹ́ lóru ìdíje láàárín òkè níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́.

Ó mú jíà kejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin.

Kìlómítà mẹ́rin yẹn gùn ju oṣù mẹ́rin tó fi kan apá irin lọ. Kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́. Gbogbo etí rẹ̀ wà lẹ́yìn, lápá òsì, níbi oríkèé, ó ń dúró de igbe irin. Òkìtì, kòtò. Kò ké. Òkìtì, kòtò. Ó ń rò ó pé òkìtì tó ń bọ̀ yìí ni. Ó kọjá a. Kòtò ńlá tún dé, ó sì mọ̀ pé bí òun bá fò ó, táyà méjèèjì á rọ̀ sílẹ̀ dé òpin lófuurufú, gbogbo ìwúwo wọn á dá lórí ọ̀já. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ kúrò lórí tọ́rótù. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti orúnkún ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọkọ̀ fò. Lókè níbẹ̀, gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́. Pà-pà, ọ̀já méjèèjì dáhùn. Ó balẹ̀. Kò ṣẹ́.

Nígbà tó fi máa rí ọkọ̀ akẹ́rù, Leobardo ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ń jù ú sókè bí wèrè. Otilia kọjá níwájú wọn, ó tẹ bíréèkì, kò sì dúró gbọ́ ohun tí aago wí. Ó já bẹ́líìtì, ó bọ́ akoto sínú yanrìn, ó fa jáàkì jáde.

"Mẹ́fà àti mọ́kànlélógún," Leobardo ń ké. "Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú mẹ́fà àti mọ́kànlélógún. Ẹ tiẹ̀ dúró ná, kí lẹ ń wá lábẹ́ ọkọ̀?"

Otilia gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè títí táyà òsì fi rọ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sínú yanrìn gbígbóná, ó fa tẹ́ẹ̀pù. Ó nà án sára ọ̀já. Mọ́kànléláàádọ́ta.

Ó tún un wọ̀n. Ó lọ sápá ọ̀tún. Mọ́kànléláàádọ́ta.

Kò ṣeé ṣe. Kò sí ọ̀já tuntun kan láyé yìí tí kì í nà. Ó sún mọ́ ọn, ó ń wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí láàárọ̀ ìbínú ni ó fi wò ó. Lẹ́bàá ojúùrán, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí òwú tuntun wà, ihò abẹ́rẹ́ kéékèèké wà lórí ìlà, ihò tí òwú ti kúrò nínú wọn. Wọ́n ti rán ọ̀já yìí rí. Wọ́n ti tú u, wọ́n sì tún un rán. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ó ká sí, òróró dúdú ti wọ inú rẹ̀, òróró ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó.

Ó yọ jáde, eruku bo gbogbo irun rẹ̀.

"Bàbá Lencho," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àárọ̀. "Ìgbà wo lẹ rán ọ̀já yìí tán?"

Lencho wo Don Cuco. Don Cuco ń wo òkè tó wà lọ́nà jíjìn réré.

"Má wulẹ̀ wò mí," Don Cuco sọ. "Ẹnu rẹ ni."

"Ojú ò dùn mí rí," Lencho ní, inú rẹ̀ sì dùn láti sọ ọ́, ó ti pẹ́ tó ti ń gbé e mì. "Ọjọ́ kejì tí o gbé nọ́ńbà wá ni mo rán an tán. Bàbá rẹ ló wá gbà á. Ó ní kí n má sọ. Ó fi ọ̀já méjèèjì gbé ẹ́ńjìnnì yẹn kọ́ sí àjà fún ọjọ́ mẹ́jọ, ọ̀já sì nà tó ìka méjì àti ààbọ̀. Láàárọ̀ yìí kí ilẹ̀ tó mọ́ ló kan ilẹ̀kùn mi pé kí n tú u, kí n tún un rán. Gbogbo èébú tí o bú mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe gbà á mọ́ra."

Otilia rántí ẹ́ńjìnnì tó rọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi èjìká gbá ẹ́ńjìnnì yẹn. Ó tiẹ̀ ti ta á nípàá lọ́jọ́ kan.

"Mo gbà á nímọ̀ràn o," Lencho ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Mo ní, Cuco, jẹ́ kí n rán an sí mọ́kàndínláàádọ́ta. Ọmọ ò ní mọ̀. Táyà ò ní rìn jìnnà tó bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n oríkèé á wà láìléwu. Ó ní rárá. Ó ní nọ́ńbà tí ọmọ òun kọ sára ògiri ni kí n rán. Kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Ó dúró tì mí títí mo fi rán an tán."

"Lencho, ó ti tó," Don Cuco wí.

"Bàbá," Otilia sọ, "ẹ ní ọwọ́ yín ò ní kàn án."

"Mo ní ọwọ́ mi ò ní kan apá irin. Ṣé mo fọwọ́ kan apá irin?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ pé ẹsẹ̀ gígùn, ẹsẹ̀ ṣíṣẹ́?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó ti aago bọ àpò. Ó rọra sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ akẹ́rù, ó sọ ìkejì, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó rìn yí ẹ̀yìn ọkọ̀ ìdíje náà ká, ó sì dúró síbi apá irin òsì. Ó wò ó pẹ́. Ó na ọwọ́, ó dá a dúró kó tó kàn án, ó yí ojú sí Otilia, lẹ́yìn náà ló wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà, níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Irin ṣì gbóná. Kò gbé ọwọ́ kúrò.

"Ó rẹwà," ó sọ. Kò pariwo.

Leobardo gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Otilia náà fẹ́ gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ kò lè ṣe é.

Don Cuco na ọ̀pá rẹ̀ sí Lencho. Ó di páìpù òkè ọkọ̀ náà mú, lápá ibi tí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń jókòó sí. "Ẹ gbé mi wọlé."

"Bàbá, dókítà ní—"

"Dókítà ò tíì rí apá yìí. Leobardo, gbé mi."

Wọ́n gbé e. Ó pa eyín pọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Otilia di bẹ́líìtì mọ́ ọn láyà, òun fúnra rẹ̀ ló fà á le. Ó de akoto Leobardo, èyí tó tóbi jù fún un. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó di irin iwájú mú, bí gbogbo ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ṣe máa ń dì í mú, tí iṣan ọwọ́ á yọ tí ìka á sì funfun.

Otilia mú jíà kìíní. Kò sáré. Ó rí òkìtì àkọ́kọ́ tó ń bọ̀, ó sì rí bí èjìká bàbá rẹ̀ ṣe ká sókè láti gba ìjálẹ̀ tó ti ń gbà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iwájú gùn ún, ẹ̀yìn gùn ún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wọnú kòtò. Èjìká rẹ̀ ṣì wà lókè, ó ń dúró. Òkìtì kejì kọjá, ẹ̀kẹta kọjá.

"Ìgbà wo ló máa jálẹ̀?" ó béèrè, ó ń ké bo ẹ́ńjìnnì.

"Ó ti jálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, Bàbá."

Wọ́n kọjá òkìtì mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà bàbá rẹ̀ ní, "Kí lò ń rìn bí ẹni gbé ẹyin? Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Pù, pù, pù. Igi ẹlẹ́gùn-ún kọjá, níbi tó ti máa ń já tọ́rótù nígbà tirẹ̀. Otilia ń wo ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú ṣọ́ bàbá rẹ̀, ó ń wá ìrora nínú bó ṣe jókòó, ó múra tán láti dúró bó bá kérora. Ohun tó rí ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kò sí lórí irin iwájú mọ́. Ó wà lórí itan rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, ìka ṣí sílẹ̀, eruku aṣálẹ̀ sì ti ń kó sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ó mú jíà kẹta.